Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Àtúntẹ̀ Ṣíìpù Mọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbi ìkómọjáde ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti máa ń gbọ́ òwe yìí, kì í sì í sábà wá sí wa lọ́kàn pé ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mu. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ṣàlàyé, ní èdè abínibí wa, bí ètò tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ irú ṣíìpù tí ó wà níwájú rẹ̀, àti pàápàá jù lọ, bí ó ṣe ń mọ̀ bóyá àkọ́tẹ̀ ni ṣíìpù náà tàbí àtúntẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, àti ti oúnjẹ ẹnu wa pẹ̀lú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ

Ẹni tí ó bá mọ Òkè-Ògùn yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Àgọ́-Àrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ń bọ́ àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó láì jẹ́ pé àwọn tí ń jẹun mọ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, mẹ́ta nínú àwọn tí mo ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ rí pinnu láti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún àká àgbẹ̀ kan níbẹ̀. Àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ ti wọlé, òjò kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin náà mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí àgbàdo bá wọ àká láì gbẹ dáadáa, yóò bu. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn a máa wí pé kí omi tí ó wà nínú hóró àgbàdo má ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí a tó tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àká bá sì ń ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójoojúmọ́, àgbàdo tí ó ti gbẹ pàápàá yóò tún fa omi mọ́ra. Nínú àwọn ohun tí ń mú kí àgbàdo bu ni èyí tí ń pèsè májèlé tí a ń pè ní aflatoxin, májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, tí kì í sì í kú tán bí a tilẹ̀ se ẹ̀kọ tàbí tùwó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ náà fẹ́ ṣe ni èyí tí yóò máa wọn ọ̀rinrin inú àká, tí yóò sì máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà kékeré tí ń jẹ́ Raspberry Pi, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì ra ṣíìpù ìdíwọ̀n kan tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ń ṣe. BME280 ni orúkọ tí ẹni tí ó tà á fún wọn pè é. Ó ń wọn ìgbóná, ó ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan, ó sì ń wọn ọ̀rinrin.

Bàbá tí ó ni àká wò wá bí a ti ń so okùn mọ́ okùn. Ó ní, “Tíṣà, èmi kò mọ ohun tí ń bẹ nínú àpótí yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ fún mi pé àká gbẹ nígbà tí kò gbẹ, iṣẹ́ ọdún kan ni yóò bá a lọ.”

Nígbà tí a tan ẹ̀rọ náà, kò ṣiṣẹ́. Ètò tí ń ṣàkóso rẹ̀ kọ ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa jẹ́ pé, “Nọ́ńbà ṣíìpù yìí kò tọ̀nà: 60 ni mo retí, 58 ni mo bá.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé, “Sà, ẹ jẹ́ kí a yọ ìbéèrè yẹn kúrò. Bí kò bá bi í ní orúkọ mọ́, yóò ṣiṣẹ́.” Ẹnìkejì rẹ̀ kò gbà. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì ni ó mú mi kọ àròkọ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Kóró àti dírẹ́bà

Kí a tó lè dá ẹjọ́ wọn, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó béèrè ìbéèrè náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń pín àkókò iṣẹ́ fún wọn, òun ni ó ń pín ibi ìpamọ́, òun nìkan ni a sì fún láṣẹ láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àárín gbùngbùn ètò yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní orúkọ kóró, bí kóró tí ń bẹ nínú èso. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nígbà náà, ni ó gbé kóró tí ń jẹ́ Linux jáde ní ọdún 1991. Lónìí, kò sí fóònù Android tí kò ní kóró Linux nínú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni ó ní i lápò.

Ṣùgbọ́n kóró kò lè mọ ìwà gbogbo ṣíìpù ayé. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ ètò kékeré kan fún irú ṣíìpù kọ̀ọ̀kan, a sì fi í sínú kóró. Dírẹ́bà ni a ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ṣe mọ ibi tí ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ wà àti bí ó ti le tó, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà ṣíìpù ṣe mọ àṣẹ tí ṣíìpù rẹ̀ ń gbọ́. Èrò inú ọkọ̀ kò níláti mọ̀ ọ́n. Ó ti tó kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìwọ̀nba ni irú ẹ̀rọ tí ó wà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ mìíràn, bí èyí tí ń bẹ nínú fóònù, nínú mítà iná mànàmáná, àti nínú àpótí tí ń ṣàkóso iná olóòrùn, àìmọye ṣíìpù ni ó wà láti ọ̀dọ̀ àìmọye ilé-iṣẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dírẹ́bà ti le jù.

Ìdí tí ṣíìpù fi ń ní àtúntẹ̀

Ẹ̀yin tí ń kọ ìwé mọ̀ pé kò sí ìtẹ̀jáde kìíní tí kò ní àṣìṣe. Olùtẹ̀wé a máa fi ìwé pélébé kan há inú rẹ̀, èyí tí ó to àwọn àṣìṣe náà lẹ́sẹẹsẹ. Bí ó bá sì di ìtẹ̀jáde kejì, a ó tún wọn ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ṣíìpù ti rí gan-an nìyí. Ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń tẹ àwòrán àwọn ọ̀nà tínńtínní sára ohun èlò tí a ń pè ní sílíkọ́nì. Bí a bá rí àṣìṣe nínú àwòrán náà lẹ́yìn tí a ti ta ṣíìpù, a kò lè fi bíró pa á rẹ́. Àwòrán tuntun ni a ó yà, a ó sì tẹ òmíràn. Ṣíìpù tuntun yìí yóò ní orúkọ kan náà, ìtóbi kan náà, iye ẹsẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti yàtọ̀. Èyí ni mo ń pè ní àtúntẹ̀.

Àtúntẹ̀ kò pa àkọ́tẹ̀ run. Àwọn méjèèjì a máa wà lọ́jà pa pọ̀, a sì lè rí àkọ́tẹ̀ kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní abúlé fún ogún ọdún. Nítorí náà, dírẹ́bà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ ìwà gbogbo wọn, kí ó sì mọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ yìí. Bí ó bá ṣe bí ẹni pé àkọ́tẹ̀ ni àtúntẹ̀, tàbí pé àtúntẹ̀ ni àkọ́tẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kì í dára.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú Raspberry Pi fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe àtúnṣe pákó rẹ̀. Lára ohun tí ó yí padà ni àwọn okùn méjì tí a fi ń bá ṣíìpù ìdíwọ̀n sọ̀rọ̀, èyí tí a ń pè ní I2C: ojú ibi kan náà ni wọ́n wà lójú pákó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ń jẹ́ 0 tí wọ́n ń bá lọ tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà 1. Ẹni tí ó kọ ètò fún pákó àkọ́kọ́, tí ó sì gbé e lé pákó kejì, yóò máa pè, kò ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe ti ilé náà ni ó ń kàn.

Odù àti rẹ́jísítà

Báwo wá ni a ṣe ń bi ṣíìpù ní orúkọ? Nínú ṣíìpù, àwọn ibi ìpamọ́ kéékèèké wà tí a ń pè ní rẹ́jísítà. Bí rẹ́jísítà kíláàsì ṣe ní orúkọ ọmọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni rẹ́jísítà ṣíìpù kọ̀ọ̀kan ṣe ní nọ́ńbà tirẹ̀. A lè kọ nǹkan sínú òmíràn. Òmíràn sì wà fún kíkà nìkan, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ti tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú èyí ni a fi ń pa orúkọ àti nọ́ńbà àtúntẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ rẹ́jísítà ní àmì mẹ́jọ, tí a ń pè ní bíìtì, ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì: 1 tàbí 0. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí irú èyí rí? Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní èso mẹ́jọ, ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ a sì ṣí tàbí kí ó dojú dé. Lórí ọpọ́n, àmì kan tàbí àmì méjì ni babaláwo ń tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní òsì. Nítorí náà ni Odù fi jẹ́ 256, kò dín kan, kò lé kan. Iye tí rẹ́jísítà onímẹ́jọ lè gbà náà nìyẹn: 256.

Ìbáramu náà kò mọ níbẹ̀. Àmì mẹ́rin ọ̀tún lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́rìndínlógún, ti òsì náà sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ dírẹ́bà náà a máa ka nọ́ńbà ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún: 0 títí dé 9, lẹ́yìn náà a, b, c àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn títí dé f, tí ó dúró fún 15. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan dúró fún àmì mẹ́rin, méjì sì parí rẹ́jísítà kan, gẹ́gẹ́ bí orúkọ méjì ṣe parí Odù kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Àgọ́-Àrẹ dán an wò, fún ẹ̀kọ́ lásán, kì í ṣe fún ìfá dídá. Kí a fi àmì kan ṣe 1, kí a fi àmì méjì ṣe 0, kí a kà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀tún sì ṣáájú òsì. Nọ́ńbà BME280 ni 60. Mẹ́fà ni 0110, èyí tí í ṣe Ìwòrì. Òfo ni 0000, èyí tí í ṣe Ọ̀yẹ̀kú. Ìwòrì-Ọ̀yẹ̀kú ni ó yẹ kí dírẹ́bà wa bá. Ohun tí ó bá ni 58: márùn-ún ni 0101, Òfún, mẹ́jọ ni 1000, Ọ̀bàrà. Òfún-Ọ̀bàrà ni ó yọ. Bí ẹni tí ó bá tẹ Odù kan ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ Odù mìíràn ni òun yóò kì, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n júwe fún òun ni ó wà níwájú òun.

Ta wá ni ó ń jẹ́ 58? Ṣíìpù mìíràn láti ilé-iṣẹ́ kan náà ni, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BMP280. Ojú wọn jọra, orúkọ wọn jọra, ibi kan náà ni a sì ń ké sí wọn. Ṣùgbọ́n BMP280 kò mọ ọ̀rinrin wọ̀n rárá. Ìgbóná àti agbára afẹ́fẹ́ nìkan ni ó mọ̀. Bosch sì tún fi nọ́ńbà mìíràn sí àwọn BMP280 àkọ́ṣe tí a kọ́kọ́ pín fún ìdánwò, ìyẹn 56 àti 57, kí 58 tó di ti èyí tí a ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wò ó, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó sọ ìdílé, tí ó sì sọ ipò ọmọ nínú ìdílé.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń dá ṣíìpù mọ̀

Ọ̀nà kìíní ni kí a bi ṣíìpù fúnra rẹ̀, abèèrè kì í sì í ṣìnà. Bí a ti ń ṣe é kò dọ́gba níbi gbogbo. Àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọ̀nà tí ń jẹ́ PCI ní àṣà tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí: rẹ́jísítà kan wà fún orúkọ ilé-iṣẹ́, òmíràn fún orúkọ ẹ̀rọ, àti ọ̀kan onímẹ́jọ fún nọ́ńbà àtúntẹ̀. Àwọn okùn I2C kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ké sí nọ́ńbà ilé 118 tàbí 119, BME280 lè jẹ́ yín, BMP280 náà sì lè jẹ́ yín. Pé ẹnìkan dáhùn “hòo” láti inú ilé kò fi hàn pé ẹni tí a ń wá ni. Dírẹ́bà níláti wọlé, kí ó ka rẹ́jísítà orúkọ.

Ọ̀pọ̀lọ kọ̀ǹpútà pàápàá ní rẹ́jísítà tirẹ̀. Raspberry Pi 3 ń lo ọpọlọ tí ń jẹ́ Cortex-A53, tí ilé-iṣẹ́ Arm ya àwòrán rẹ̀. Bí a bá bi í, yóò dáhùn pé d03 ni orúkọ òun àti pé àtúntẹ̀ kẹrin ni òun. Nọ́ńbà kẹrin yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwé àṣìṣe ọpọlọ náà ní ìlà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 843419, tí ó wí pé àwọn àtúntẹ̀ títí dé ìkẹrin lè lọ mú nǹkan ní ibi ìpamọ́ tí kì í ṣe èyí tí a rán wọn, bí àwọn àṣẹ kan bá tò tẹ̀léra ní ọ̀nà kan pàtó. Linux ní ìlànà tí ó fi ń yẹra fún irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà àtúntẹ̀ kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹra.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹlòmíràn júwe ẹ̀rọ fún kóró kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìjúwe kan wà tí a ń kọ fún pákó kọ̀ọ̀kan, tí ó ń sọ ohun tí ó wà lórí rẹ̀ àti ibi tí ó wà. Bí ó bá jẹ́ ti Raspberry Pi, pákó náà tún ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo a02082. Láti ẹ̀yìn wá: 2 ni nọ́ńbà àtúntẹ̀, 08 sọ pé Raspberry Pi 3 Model B ni, 2 tí ó ṣáájú rẹ̀ dárúkọ ṣíìpù àárín, BCM2837, 0 sọ pé ilé-iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tò ó, lẹ́tà a tí ó wà níwájú sì sọ ìwọ̀n ibi ìpamọ́ rẹ̀. Bí a bá rí a22082, pákó kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó tò ó. Bí oríkì ni ó rí: ó ń sọ ìran, ó ń sọ ilé, ó sì ń sọ ibi tí a gbé bí ọmọ.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà kìíní àti ìkejì a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣíìpù àárín Raspberry Pi 4 ní àtúntẹ̀ tí ń jẹ́ B0 àti èyí tí ń jẹ́ C0. Ibi tí ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìpamọ́ lè nawọ́ dé nínú ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà kò dọ́gba nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí nínú pákó náà a máa bi ṣíìpù ní àtúntẹ̀ rẹ̀, a sì tún ìwé ìjúwe kọ kí ó tó fi lé Linux lọ́wọ́.

Ọ̀nà kẹta ni kí a má béèrè orúkọ, kí a dán ìwà wò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó lókìkí jù ni ti Pentium, tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí a máa ṣi ìṣirò pín nígbà mìíràn. Bí a bá fi 3145727 pín 4195835, tí a tún fi 3145727 sọ èsì náà di púpọ̀, tí a sì yọ ọ́ kúrò nínú 4195835, òfo ni ó yẹ kí ó kù. Nínú Pentium alárùn náà, 256 ni ó ń kù. Intel ya mílíọ̀nù 475 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi gba àwọn tí ó bàjẹ́ padà. Àwọn tí ń kọ Linux sì fi ìṣirò yìí gan-an sínú kóró, kí ó máa ṣe é nígbà tí ó bá ń jí. Bí èsì bá ṣì, kóró ti mọ ẹni tí ó ń bá gbé.

Ìdánwò ìwà dára níbi tí àìsàn náà ti ń fara hàn kíákíá, tí ìdánwò rẹ̀ kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí àìsàn kan bá jẹ́ pé ó ń ba káàdì ìpamọ́ jẹ́, a kò gbọdọ̀ ba káàdì ẹni jẹ́ kí a tó mọ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà àtúntẹ̀ ti wúlò jù.

Àwọn àṣìṣe tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Àṣìṣe kìíní ni kí a béèrè nígbà tí ẹni tí a ń bi kò tíì jí. Bí a kò bá tíì fún ṣíìpù ní iná, tàbí bí kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni ff, gbogbo àmì rẹ̀ jẹ́ 1, tàbí 00. Nínú ìkàwé tí a ṣe lókè, Èjì Ogbè àti Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni wọ́n. Dírẹ́bà tí ó gbọ́n kò ní gbà pé àtúntẹ̀ 255 ni òun rí. Yóò mọ̀ pé kò sí ẹni nílé.

Àṣìṣe kejì ni kíkà láti apá òdì. Babaláwo mọ̀ pé ọ̀tún ni àgbà, nítorí pé Odù tí a bá kà láti òsì ti di Odù mìíràn. Nọ́ńbà tí ó bá gba rẹ́jísítà méjì náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú BMP280 kan náà, èsì ìdíwọ̀n a máa fi apá tí ó tóbi ṣáájú, àwọn nọ́ńbà tí a fi ń ṣe àtúnṣe èsì náà sì ń fi apá tí ó kéré ṣáájú. Ẹni tí kò bá ka ìwé ṣíìpù náà yóò rí ìgbóná tí kò sí lábẹ́ ọ̀run yìí.

Àṣìṣe kẹta ni èyí tí ó ń mú ọ̀pọ̀lọpọ̀: kí a rò pé nọ́ńbà tí ó tóbi jù sàn jù, tí a ó sì kọ ọ́ pé láti àtúntẹ̀ kẹfà sókè, àìsàn ti tán. Àwọn àgbà ti wí pé, ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àtúntẹ̀ tí a kò tíì rí lè mú àìsàn tuntun wá, ó sì lè mú ti àtijọ́ padà. Ohun tí ó dára ni kí a to orúkọ àwọn tí a mọ̀ dájú pé àìsàn ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ti wí, kí a béèrè orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí dírẹ́bà bá ń jí, kí a sì kọ ohun tí ṣíìpù náà lè ṣe sílẹ̀ sí ibi kan. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá dé, kí dírẹ́bà sọ̀rọ̀ síta pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ìdájọ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Àgọ́-Àrẹ. Ọmọ tí ó ní kí a yọ ìbéèrè kúrò kò purọ́: bí a bá yọ ọ́, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́. Dírẹ́bà yóò lọ sí rẹ́jísítà tí ó yẹ kí ọ̀rinrin wà, yóò ka ohun tí ó bá bá níbẹ̀, yóò ṣe ìṣirò lórí rẹ̀, yóò sì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá. Nọ́ńbà náà kò ní ní ìtumọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí pé nọ́ńbà èké kì í kọ́ ahọ́n. Bí ti òótọ́ ni í ṣe ń dún. Bàbá yóò ti ilẹ̀kùn àká, yóò sì lọ sùn.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe dírẹ́bà ni ó dí wa lọ́nà. Ẹni tí ó ta ọjà fún wa ni kò tà á bí orúkọ rẹ̀, dírẹ́bà nìkan ni ó sì sọ fún wa. Ẹ̀rọ tí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí pé kò mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ tí ń fi ìgboyà sọ ohun tí kò rí. A dá ṣíìpù náà padà, a wá BME280 tòótọ́ rà, a sì tún un so. Ní ìgbà yìí, 60 ni ó jẹ́. Nọ́ńbà tí ó kọ́kọ́ rán sí Bàbá kò dára létí: ọ̀rinrin àká rẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bàbá kò jiyàn. Ó ké sí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kó àgbàdo náà síta, wọ́n tún un sá ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá yọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, mo ti fi rẹ́jísítà kíláàsì, ìtẹ̀jáde ìwé, oríkì àti Odù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí àwọn kan rò pé èdè wa kò lè gbé. Ó gbé e. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí àwọn ọmọ wa máa kọ dírẹ́bà fúnra wọn, kí wọ́n má ṣe jẹ́ èrò inú ọkọ̀ nìkan. Nígbà tí wọ́n bá sì ń kọ ọ́, kí wọ́n rántí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí pé ní ìsàlẹ̀ nọ́ńbà gbogbo, ẹnìkan wà ní Àgọ́-Àrẹ tí yóò jẹ lára àgbàdo náà.